Sipáírìà Màmá Rẹ Tí Kò Tanná

Lavonne,

Kọfí wà lórí sítóòfù. Má wulẹ̀ bu omi sínú agolo tó o fọ̀ sílẹ̀ fún òdòdó sàréè.

Kì í ṣe òtútù ni kò jẹ́ kí sipáírìà, igi òdòdó Màmá rẹ, tanná. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó o lọ kí àbúrò rẹ lóṣù kẹta, mo gé e mọ́lẹ̀ bí ẹni gẹrun, mo ní kí iwájú ilé lè mọ́. Láàárọ̀ yìí ni Màmá Hulda aládùúgbò wa pè mí láti inú ọgbà wọn: "Orrin, ara ẹ̀ka èṣí nìyẹn ti máa ń tanná. Òdòdó ọdún yìí lo gé dànù yẹn. Kí lẹ máa wá gbé lọ sí sàréè ìyá ìyàwó ẹ lónìí?" Wọ́n ní kí n wá gé lára tiwọn, ìtìjú ò jẹ́ kí n gbà.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tá a ti ń gbé òdòdó rẹ̀ lọ sí sàréè Màmá, a ò pa á jẹ rí.

Àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi gé e wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ. Fi í pamọ́ kí n má tún rí i.

Mo ti ń lọ sí sàréè ṣáájú rẹ. Màmá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, nítorí àwọn ò ní wo ojú mi.

Orrin