Bàbá Samson Ògúntọ́lá (1951–2024) àti Àpótí Onídúrọ́ọ̀ Mẹ́fà tí Wọn Kò Rí Àyè Kàn

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Bàbá wa, Samson Ògúntọ́lá, sí agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ ní Orin-Èkìtì. Bàbá wọn ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn olóko. Ẹ̀bùn, ọmọ Ìrèlé-Èkìtì, ni ìyá wọn. Ògún ni ilé náà ń bọ. Ilé ẹ̀kọ́ ni Bàbá ti di onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ilé baba wọn ṣẹ̀sín rí.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní ọdún 1963. Ọdún yẹn náà ni bàbá wọn kú, ìwé sì parí síbẹ̀. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rótìmí ní Ìkọ̀lé fún ọdún méje. Ọ̀gá yìí kì í jẹ́ kí ayùn kan igi láìjẹ́ pé a ti ya iṣẹ́ náà sórí ìwé, Bàbá kò sì fi àṣà yìí sílẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ní ọdún 1978, wọ́n gbé Màmá wa, Àníkẹ́, aránṣọ, níyàwó ní ìjọ Áńgílíkà ní Orin. Ọwọ́ Bàbá ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé lónìí.

Ọdún 2021 ni ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní Ìdó sọ pé kò ní padà bọ̀ sípò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n rí Màmá tí wọ́n da gbogbo aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń wá gèlè kan, tí wọ́n sì ń sunkún láìpariwo. Bàbá kò wọlé. Wọ́n lọ wá ìwé àti pẹ́ńsù láti ya àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́fà, tí Màmá yóò lè fi ọwọ́ mọ ibi tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wà.

Wọ́n ní kí Màmá jókòó, kí wọ́n na ọwọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ìka. Orúnkún ń dun Màmá, nítorí náà dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju orúnkún lọ. Ọwọ́ ìfà dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀: roboto fún gèlè, onígun mẹ́rin fún bùbá, gígùn fún ìró, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹfà. Inú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdènà kó má baà já lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí dúrọ́ọ̀ òkè: Bàbá ní oògùn ni kó wà níbẹ̀, Màmá ní Bíbélì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá tún àwòrán náà yà, Bíbélì ló sì borí.

Igi apá ni wọ́n yàn, wọ́n sì là á sí pákó ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Kúnlé, ọmọ wọn ọkùnrin, ní kí wọ́n ra èyí tó ti gbẹ. Wọ́n wò ó ní Ìdó, wọ́n wò ó ní Ọ̀tùn, kò sí èyí tó gbẹ dénú. Bàbá ní pákó tútù yóò lọ́ tí ọyẹ́ bá dé, dúrọ́ọ̀ yóò há, ẹni tí kò ríran kò sì gbọdọ̀ máa bá dúrọ́ọ̀ jìjàkadì. Nítorí náà, wọ́n to àwọn pákó náà sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè gbẹ.

Ṣùgbọ́n eruku igi tí wọ́n ti fà símú fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Nígbà tó fi di ọdún 2024, wọn kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Túnráyọ̀, àkọ́bí wọn, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ló ń yí àwọn pákó náà padà lóṣooṣù, tó sì ń wá jábọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, Bàbá bi í léèrè bóyá wọ́n ti gbẹ.

“Wọn ò tíì gbẹ, Bàbá.”

“O ṣeun tí o ò purọ́ fún mi.”

Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ẹbí péjọ, àwọn àbúrò Bàbá ní kí a fi igi apá náà kan pósí, pé ohun tó yẹ oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Màmá dáhùn.

“Ọwọ́ mi ni ọkọ mi fi wọn igi yẹn. Ẹ ò ní gbé e wọ ilẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn kan nínú, wọn kò sì sí níbí lónìí. Ìdó ni a ti ra pósí tí ẹ ń wò yìí. Àwọn pákó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Túnráyọ̀ ní òun yóò kan àpótí náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé òun kò tíì lè fọwọ́ kan igi náà. Ẹlòmíràn ló bá Màmá wá aṣọ dúdú tí wọ́n wọ̀.

Bàbá fi Màmá Àníkẹ́ sílẹ̀, àti Túnráyọ̀, Kúnlé àti Ìdùnnú, àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún tí Ìkẹ́olúwa àti Tóbi wà lára wọn.

Bàbá, èémí kò ní ṣòro fún yín mọ́. Kí ilẹ̀ Orin rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ sùn re o.