Àmì Mẹ́fà Lẹ́yìn Wùnmí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025
Ọmọ Ìbàdàn tún já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Fúnlọ́lá ni mo fún lórúkọ yẹn, kò mọ̀. Ọdún kejì mi rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà tó ń yẹ òkú wò fún kóòtù; òun ò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Òun ni Ògá ní kó kọ ìròyìn òkú tó ń bọ̀, kó sì lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yéni. Èmi ńkọ́, ṣé odi ni mí? Mo jẹ tuwo Màámi láìmọ adùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Òkú dé. Wùnmí, ìyàwó Olúsọjí káfíńtà ní Gwagwarwa, ní Kánò níbí, ọmọ ìjọ wa. Ó ṣubú nílé ìdáná, kò dìde mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú ọpọlọ — ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà á, lílù náà lè fà á. A yí i padà. Àmì roboto mẹ́fà lẹ́yìn, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó dúdú.
Ọmọ Ìbàdàn tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Doyin, Kánò ni wọ́n bí ẹ sí. Ṣé o ti rí irú èyí rí?"
Kaho ni. Ìwo tí àwọn wansami, onífárí Hausa, máa ń gbé lé ẹ̀yìn èèyàn láti fa ẹ̀jẹ̀ burúkú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wò ó tí mo mọ̀ ọ́n. Màámi náà máa ń ṣe é tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ní bòókẹ́lẹ́, torí wòlíì ìjọ wa ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.
Mo ní, "Ìwọ ni Ògá ní kó o kọ ọ́."

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó kọ ọ́ pé nǹkan roboto tó le ni wọ́n fi lù ú. Ògá buwọ́ lù ú. Ó yìn ín lójú mi.

Àìkú, 9
Wọ́n ti ti Olúsọjí mọ́lé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní dókítà ló rí i pé ó lu ìyàwó rẹ̀. Wòlíì pe Fúnlọ́lá, tóun náà ń bá wa jọ́sìn, síwájú, ó gbàdúrà lé e lórí — ọmọ tí Ọlọ́run fi ń tú àṣírí ìkà. Gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Èmi tí mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti kékeré!
Kò burú. Lọ́yà Olúsọjí á tú u fó ní kóòtù. Ojú á tì í, wọ́n á tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kú.

Àbámẹ́ta, 15
Ọmọ Ìbàdàn ra masa, àkàrà ìrẹsì, fún mi. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀, ọkùnrin náà ń sunkún, ó ní òun ò fọwọ́ kan ìyàwó òun rí. Mo jẹ masa náà. 

Ìṣẹ́gun, 18
Ìlara ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20
Kóòtù. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń retí ẹ̀tẹ́ rẹ̀. Lọ́yà bi í pé kí ni ọmọ Ìbàdàn mọ̀ nípa ìṣe Kánò. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí òun fi bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ló bá kà á nínú ìwé: Dókítà Adédoyin, ọmọ Sabon Gari, bá òun yẹ àmì náà wò, kò sì tako ohun tí òun rí. Ó ti kọ orúkọ mi ṣáájú tirẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé òun pọ́n mi lé ni.
Olúsọjí náà wẹ̀yìn. Òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà."
Adájọ́ ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n dá a padà sátìmọ́lé.

Àìkú, 23
Lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Màámi pé wọ́n pè mí. Ó bèèrè pé nítorí kí ni. Mo ní nítorí àmì roboto mẹ́fà lẹ́yìn Wùnmí.
Ó gbé ìbòrí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Haba. Kaho nìyẹn. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ wansami, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni, Doyin? Ìwọ tó o máa ń fi òrí pa tèmi?"
Mo mú ìbòrí náà, mo ká a fún un. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ní kí n dé kóòtù.