Àtẹ Tí Mo Ṣe Ni Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Dé Ọ̀dọ̀ Yín

Yàrá Kẹrìnlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìgbaniwọlé,
Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

OJÚ-ÌWÉ AYÉLUJÁRA TÓ ṢI AFỌ́JÚ LỌ́NÀ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌFỌ̀RỌ̀WÁNILẸ́NUWÒ TÓ BỌ́ MỌ́ ỌN LỌ́WỌ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí, nítorí n kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní pe àgbà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí kì í sì í ṣe tèmi nìkan, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní, olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe ojú-ìwé tí ẹ̀ka yìí yóò fi kéde ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwé tó pín fún wa sọ pé inú àtẹ ni kí a to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí, ìyẹn àwọn àpótí kéékèèké tí a fi ìlà òòró àti ìlà ìbú pín, kí a sì fi àwọn ìlà náà pamọ́. Mo béèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi nìyẹn, pé ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ kì í kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fò. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Mo fi apá òsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, mo fi apá ọ̀tún fún àwọn tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bọ̀. Kó lè dùn ún wò, mo fi àwòrán sókè àti ọjọ́ sísàlẹ̀ ní apá òsì, mo sì yí i padà ní apá ọ̀tún. Olùkọ́ wa yìn ín, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ríran. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan kó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá Ìwé là ń pè é nílé; òun ló kọ́ mi ní ìṣirò tí mo fi wọlé. Kò sọ fún mi pé òun náà ti kọ̀wé sí yín, ó fẹ́ kí n kàn rí òun lójijì.

Fóònù rẹ̀ ló ń ka ojú-ìwé sí i létí. Ojú lè tẹ̀lé òòró, ṣùgbọ́n ìbú ni fóònù ń kà, àpótí kan tẹ̀lé èkejì. Ohun tó gbọ́ rèé: "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Àwọn tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bọ̀. Àwòrán. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Àwòrán." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ló mú fún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, ó wọ ẹ̀wù tí ìyá wa lọ̀ fún un, ó dé ẹnu ọ̀nà yín ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Akọ̀wé ní ọjọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó ṣàlàyé, akọ̀wé náà fèsì pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ó hàn kedere níbẹ̀. Ẹni bá lójú á rí i." Mo ń kọjá lọ sí kíláàsì ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bínú, pé bóyá òun ni kò gbọ́ dáadáa. N kò tíì lè sọ fún un pé ọwọ́ mi ni ojú-ìwé náà ti jáde.

Mo lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní iṣẹ́ náà kò lábùkù, pé iṣẹ́ mi ló gba máàkì tó ga jù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ gba máàkì náà padà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ojú-ìwé náà kúrò, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé tí olùkọ́ pín fún wa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọjọ́ Ajé ni orúkọ àwọn tó wọlé máa jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi kó tó di ìgbà náà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ má fi ìdáhùn yín sójú ìkànnì. Ẹ fi ohùn pè é, kí ẹ dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún un. Yóò gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní, nọ́ńbà 0417,
àbúrò ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.