Ìjókòó Kejì Nínú Mọ́tò Tuntun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mọ́tò yẹn ti dé. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá dúró sórí òkun títí, kò ráyè gúnlẹ̀ ní Àpápá, ẹ̀yin náà sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ibo ló bá a dé. Ìgbà tí wọ́n máa fi já a sílẹ̀, a ti sin yín. Kí ló kán yín lójú tó bẹ́ẹ̀, Bàbá?

Ó pupa, ó rẹlẹ̀, eré sísá ni wọ́n ṣe é fún, ìjókòó méjì péré ló sì ní, bí ẹ ṣe rí i nínú àwòrán, tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un ná. Mo ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe tọ́jú mọ́tò àtijọ́ yín. Láàárọ̀, mo máa ń wo omi àti ọ́ìlì, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì móoru díẹ̀ kí n tó gbé e kúrò nílẹ̀. Mi ò fi sá eré àsápajúdé nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Tí òjò bá pa òrùlé aláṣọ rẹ̀, mi ò jẹ́ ká a sẹ́yìn àfi tó bá gbẹ, kó má baà jẹrà. Mi ò sì gbé e sábẹ́ igi máńgòrò ojúde wa, nítorí oje. Gbogbo ẹ̀kọ́ yín ni mò ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré, ọ̀nà Ìkòròdú ni. Mo ká òrùlé sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá, ó fò. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe máa di fìlà yín mú. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó náà wá láti òkè òkun ni mo rí, tí atẹ́gùn ń fẹ́. Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ mọ̀ pé nílé wa, òbí ló ń kọ́kọ́ jókòó nínú mọ́tò tuntun, kó gbàdúrà sínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ mí títí, mi ò gbé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Màmá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gbàdúrà náà, kí n sì gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé tí wọ́n bá ti jókòó, ara á tù mí. Wọ́n jáde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìjókòó.

"Àyè ọkọ mi nìyí. Mi ò lè jókòó sí i."

Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí agboòrùn wọn, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn jẹ́ẹ́jẹ́, títí a fi kọjá Ojúẹlẹ́gba. Àwọn èèyàn ń bú mi pé irú ọmọ wo nìyí, tó jókòó sínú irú mọ́tò yìí tí ìyá rẹ̀ ń rìn nínú oòrùn. Màmá ò bojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi jókòó sínú mọ́tò níta, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá, ta ni kó wá gbàdúrà fún mi báyìí?

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò rí yín gbé jáde.