Ojú Kékeré Tó Wà Lẹ́yìn Sítíárì Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara ò ni ọ́? Àwa náà wà níbí, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti rọ̀ díẹ̀, bàbá rẹ sì ti padà sídìí àga tó ń kàn. Ẹlẹ́dàá rẹ á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí o fi gbé mi wálé ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Nígbà tí o ní mọ́tò náà lè wa ara rẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ yẹn, mo gbà, torí mo rí i tí sítíárì ń yí fúnra rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni ojú kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárì, tí o ní ó ń wò ọ́ bóyá ò ń wo ọ̀nà. Mo kí i, kò dáhùn. Mo rò pé ọ̀gá yín ló ń ti ibẹ̀ ṣọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé tí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, kí o kọjú sí i, bí o sì ti ń kọjú sí mi láti dá mi lóhùn báyìí ni ojú náà ń ké. Mo ní irú ọ̀gá wo ni kì í jẹ́ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀?

Nígbà tó yá, a ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ṣì ń ké. Mo wojú rẹ, oorun ló ń kùn ọ́. Àánú rẹ ṣe mí. Mo ní mọ́tò tó ti mọ ọ̀nà, kí ló dé tí kò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi díẹ̀? Ni mo bá tú ìborùn mi, mo nawọ́, mo sì rọra fi bo ojú náà. Àfi bí mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tó ń tan iná, tó ń falẹ̀ títí tó fi dúró. O ta jí, o ní, "Màámi, ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ọjọ́ méjì ni mi ò fi jẹun dáadáa. Mo fẹjọ́ rẹ sun fọkanáísà iwájú ilé wa, mo rò pé á gbè sẹ́yìn mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní mọ́tò náà ò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, pé tí nǹkan bá ṣàdédé yọ lójú ọ̀nà, ìwọ lo máa gba sítíárì lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú náà fi ń wò ọ́ bóyá o lajú. Orí táyà tí mo jókòó sí níbẹ̀ ni mo ti rí i pé òótọ́ lo sọ.

Ọmọ mi, má bínú. Àbúrò rẹ ti sọ fún mi pé láti ìgbà tí mo ti ní òrùlé wa ń jò ni o ti gba iṣẹ́ kejì mọ́ iṣẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá, owó ló máa ń béèrè. Èyí tí mo fẹ́ báyìí ni pé kí o fi iṣẹ́ kejì yẹn sílẹ̀. Má ra páànù kankan. A ti gbé garawa síbi tó ń jò, a sì ti sún bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá sọ fún mi pé oorun gbé ọ lọ lójú títì, abẹ́ páànù wo ni màá wá jókòó sí?

Wàá rí oorun sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, wàá sì jí.

Èmi ni, ìyá rẹ.