Nylon Tí Mo Fi Wé Fóònù Mi

Admin, ẹ dákun, ẹ bá mi bo orúkọ mi, ẹ má jẹ́ kí ará Aládé Ìdànrè wa níbí kankan mọ̀ pé èmi ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ tí mo bí. Kì í ṣe Sìdí o. Èmi ni, pẹ̀lú fóònù tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọkọ mi ní oko kòkó lọ́nà Òfòsù. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè gbé pọ́ǹpù tí a fi ń fín kẹ́míkà sí kòkó mọ́, nítorí náà Ráṣídì, ọkùnrin ará apá Ọ̀ṣun tó ń bá wa ṣe oko tí a jọ ń pín kòkó, òun ló ń fín oko, èmi ni mo ń bá a po kẹ́míkà. Sìdí ni ìyàwó Ráṣídì. Yàrá ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń gbé. Ọlọ́run ò tíì fún wọn lọ́mọ, Sìdí ló sì máa ń bá mi mójú tó Ìyanu, ọmọkùnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tí mo bá lọ sóko. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Á pọ̀n ọ́n, á fún un lóúnjẹ, á kọrin fún un títí á fi sùn, kò gba nǹkan kan rí lọ́wọ́ mi.

Oko wa yẹn, kò sí network níbẹ̀ rárá, àfi tí èèyàn bá gun àpáta kan tó wà láàárín oko. Orí àpáta yẹn náà ni omi òjò máa ń dúró sí, òun la fi ń po kẹ́míkà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ibi tí omi wà ni network wà. Bí mo bá ti ń po kẹ́míkà lọ́wọ́ ni fóònù á bẹ̀rẹ̀, tín-ín, tín-ín, tín-ín, voice note lórí voice note, torí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sún mọ́, èmi sì ni mo ń darí àwọn akọrin. Ọkọ mi sọ ọ́ títí pé kí n máa fi fóònù sílé lọ́jọ́ kẹ́míkà. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bá wa gbé kúkú ti sọ mí ní Ìyá Fóònù, wọ́n ní fóònù yìí máa ṣe mí ní nǹkan lọ́jọ́ kan. Èmi náà tí ẹnu mi mú bí abẹ, mo ní ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ṣé fóònù ń mu kẹ́míkà ni?

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a wà lóko, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà òjò, nylon la máa ń fi wé fóònù. Mo wá nylon, mi ò rí, ni mo bá yọ ìgò kẹ́míkà kúrò nínú nylon tí wọ́n fi dì í fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi wé fóònù mi, mo jù ú sínú àpò. Nylon yẹn tutù o. Ìgò yẹn ti ń jò díẹ̀. Mo ní omi ni... àbí mo mọ̀ pé kì í ṣe omi? Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Nígbà tí mo délé, Sìdí ti fún Ìyanu ní ògì àti àkàrà, ọmọ ti yó, ó ń ṣeré. Bó ṣe rí mi báyìí, igbe ta, fóònù ló fẹ́, kàtúùnù ló fẹ́ wò. Ó ti rẹ̀ mí. Mo gbé fóònù fún un tòun ti nylon lára rẹ̀, mo wọ balùwẹ̀ lọ. Ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀! Kí n tó wẹ̀ tán mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi figbe ta. Itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ, ó ń bì, òógùn bò ó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nylon wà nílẹ̀, ọmọ ti jẹ etí nylon náà wúruwùru. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó gbé ọmọ mi, nylon ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo sáré lọ sọ ọ́ sínú ṣalángá, lẹ́yìn náà ni mo wá gbé ọmọ. Irú ìyá wo ni mo jẹ́?

Ní ọsibítù, dókítà wo ojú ọmọ, ó bi mí pé ṣé kò fọwọ́ kan kẹ́míkà oko. Mo ní rárá, oko ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyá ọkọ mi já ọ̀rọ̀ gbà, wọ́n ní obìnrin ẹ̀yìnkùlé wa ló fún un lóúnjẹ, obìnrin tí kò rọ́mọ bí. Mo dákẹ́. Ọlọ́run ló ṣàánú mi tí dókítà ò dúró de òótọ́ mi, ohun tó rí lára ọmọ ló fi tọ́jú rẹ̀. Ìyanu yè. Ó ti ń jẹun, ó ti ń dààmú gbogbo ilé, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Sìdí fi májèlé sóúnjẹ ọmọ. Ìyá ọkọ mi ń fi ẹnu Ìdànrè ṣépè fún un láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ mi ní kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ́jọ́ Sátidé, bẹ́ẹ̀ kòkó ti ń pọ́n lórí igi, kòkó tí Ráṣídì ro, tó fín, kí ó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Èyí tó ń pa mí jù, Ráṣídì fúnra rẹ̀ ti ń bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló fún ọmọ yẹn jẹ. Mo ń gbọ́ wọn láti fèrèsé kíṣìnnì. Sìdí ń fi Kùránì búra, ó ń sunkún.

Mo ti fi ọṣẹ nu fóònù yìí títí, mi ò gbé e dé ibi kẹ́míkà mọ́, ọmọ ò fọwọ́ kàn án mọ́. Kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún Sìdí? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ èyí tí mo tún ṣe... ní ọjọ́ Sunday, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa kó ọmọ mi yọ lọ́wọ́ ọ̀tá. Mo gbá maíìkì mú, gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Ọ̀tá wo? Tí mo bá wá sọ òótọ́ báyìí, ìyá ọkọ mi á ní àwọn sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi lè ní kí n máa lọ kí n fi ọmọ sílẹ̀, ta ló sì máa gbé orin tí mo bá dá nínú ìjọ yẹn? Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lánàá, Sìdí wá bá mi ní kíṣìnnì. Ìyanu rí i, ó na ọwọ́ sí i, ìyá ọkọ mi sáré gbé e wọlé. Sìdí ò bá mi jà o, ì bá tiẹ̀ sàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?" Ni mo bá fa fóònù yọ, mo gbé e sétí, mo ní hẹ́lò, hẹ́lò, mò ń gbọ́ yín, mo sì jáde, mo fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Ọ̀la ni Sátidé. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lẹ́yìnkùlé. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọkọ mi ni àbí Sìdí? Gbólóhùn wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ bú mi o, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí mọ́tò tó máa kó wọn tó dé.