Ọjọ́ Kan Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Bàbá Mi

Bàbá mi, ọlọ́jà àwọ̀n,

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí a ti sin yín, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń sọ pé kí n gba kádàrá. Mo ti gba ti Ọlọ́run. Ti èèyàn ni mi ò tíì gbà, èmi fúnra mi sì wà nínú àwọn èèyàn náà.

Yorùbá ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ìyàwó Àfáà mọ́sálásí wa ló ń bá mi fi àmì ohùn sí i lórí. Gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé inú ilé kan náà ní Warri, ohùn Ọ̀yọ́ lẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Pijin ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé mi ò lè sọ ọ́. Ojú ló ń tì mí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin náà á kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ọmọ Warri ni mí. Kí ló dé tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín? Ì bá sàn kí ẹ nà mí.

Ẹ rántí bí àìsàn yín ṣe bẹ̀rẹ̀? Apẹja kan láti Ubeji, tó ti ń ra àwọ̀n lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó bí mi, ló wá sílé wá bá mi. Ó ní ẹ na apá yín méjèèjì, ẹ wọn okùn fún òun bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ gé e, ẹ fún òun, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òmíràn. Ó dá okùn kejì padà. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé ẹ béèrè orúkọ òun. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Káàmílù, a sì gbé yín lọ sọ́sípítù.

Ibẹ̀ la ti bá dókítà tó ń ṣe ìwádìí pàdé. Ó ṣàlàyé pé àwọn ò ní fún yín lóògùn kankan. Ohun tí àwọn ń wá ni bí ọpọlọ àwọn àgbà ṣe ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọn á bi yín ní ìbéèrè kan náà, wọn á wo bí ẹ ṣe ń rìn, wọn á kó máàkì yín sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì ya ọ̀nà tí ọpọlọ yín ń gbà. Tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà èèyàn púpọ̀, wọn á lè mọ ibi tí ẹlòmíràn ń lọ kó tó débẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ fi gbà. Ẹ ní ẹ̀yin tí ẹ ò jókòó ṣe ìdánwò rí láyé yín, ẹ ó ṣe é wàyí. Fìlà funfun yín lẹ dé lọ, ẹ sì fi tùràrí sára bí ẹni tó ń lọ kírun Jímọ̀.

Àga méjì péré ló wà nínú yàrá náà, tiyín àti ti ọkùnrin tó ń béèrè ìbéèrè. Èmi dúró ti ògiri lẹ́yìn yín. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá lanu, mo ti ba ìwádìí jẹ́ nìyẹn. Òyìnbó ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó ní kí ni òní. Ẹ ní Àlàrùbá. Ó kọ òdo. Bàbá, mo mọ̀ pé ọjọ́rú ni Àlàrùbá! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó fi àwòrán ẹranko kan hàn yín, ńlá, tó ní ìwo lórí imú. Ẹ ní àgbáǹréré. Ó tún kọ òdo. Ìyẹn ò yé èmi náà. Mo rò pé àìsàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò sí sí yín lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ ti kú ni ìyàwó Àfáà sọ fún mi pé orúkọ ẹranko náà gan-an nìyẹn.

Èdè Òyìnbó díẹ̀ tí ẹ gbọ́ ló kọ́kọ́ kúrò lórí yín. Pijin tẹ̀ lé e. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin yẹn ò sí níbẹ̀, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀ ló gba ipò rẹ̀, àwọn òbí ẹ̀ ń tajà ní Enerhen. Ó kúnlẹ̀ kí yín, ó sì fi Yorùbá bi yín ní gbogbo ìbéèrè. Ojú yín là. Ẹ fi ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Díẹ̀ ló kù kí ẹ gba gbogbo máàkì. Lọ́jọ́ náà, ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mejì nílé, mo sì rò pé ara yín ti ń yá. Ní oṣù mẹ́ta sígbà náà, ọkùnrin yẹn padà dé, máàkì yín sì já wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà pe èmi àti Bọ̀ọ̀dá Káàmílù. Ó ní pẹ̀lú ibi tí máàkì yín dé, ẹ ò mọ ibi tí ẹ wà mọ́, kò sì yẹ kí ẹ máa dá jáde. Bọ̀ọ̀dá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo ń ti géètì. Lójoojúmọ́ lẹ ń wọṣọ láàárọ̀, tí ẹ ń dúró sídìí géètì, tí ẹ ń sọ fún mi pé oníbàárà ti ń dúró. Èmi á dáhùn pé, "Papa, abeg, go sidon." Ẹ ó wo ẹnu mi bí ìgbà tí àlejò bá ń wo ẹnu onílé. Pijin ló kúrò lórí yín, Bàbá, òun náà ni mo sì ń dà lé yín lórí. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo mọ́ mi? Kí ló dé tí ẹ fi ń padà lọ jókòó?

Ẹ ò jẹun mọ́. Ẹsẹ̀ yín wú. A tún gbé yín lọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìbéèrè wọn, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí ẹ fi kú.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe gbogbo ẹbí wá gbọ́ àbájáde ìwádìí. Wọ́n tan àwòrán kọ̀ǹpútà sí ògiri, wọ́n ya ìlà kan fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín wà lára káàdì wa, mo sì dá ìlà yín mọ̀. Ó lọ tààrà sísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n jù sínú kànga. Mo wá ìgbà kẹta lára rẹ̀, mi ò rí i. Mo nawọ́, mo béèrè. Dókítà ní máàkì ọjọ́ yẹn ga ju ìyókù lọ, kò bá ìlà tí kọ̀ǹpútà yà mu, àwọn sì gbà pé àṣìṣe ẹni tó béèrè ìbéèrè ni, nítorí náà àwọn yọ ọ́ kúrò.

Mo dìde.

Mo ní, "Ọjọ́ yẹn nìkan lẹ wọn ọpọlọ bàbá mi. Láwọn ọjọ́ yòókù, èdè Òyìnbó lẹ wọ̀n."

Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Yorùbá ni bàbá ń sọ."

Mo bú u, Bàbá. Mo sọ ohun tí ẹ ò ní fẹ́ kí n sọ. Mo ní ẹni tó ń kọ òdo gbọ́ yín pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà yẹn bá mi délé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Èmi dúró síbẹ̀, mi ò sọ fún wọn.

Mo padà lọ gba àwọn ìwé tí ẹ kọ. Dókítà kò bá mi jiyàn, ó fún mi ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Nínú ti ìkẹyìn, wọ́n ní kí ẹ kọ gbólóhùn kan, èyíkéyìí tó bá wù yín. Ìlà kan tó rí kọ́lọkọ̀lọ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé jágbajàgba ni, ó sì fún un ní òdo. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Àfáà ní mọ́sálásí wa. Àfáà ní Yorùbá ni, háráfì Lárúbáwá lẹ fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ nílé kéwú láyé ìgbà tiyín. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wá kà á sókè:

"Ọmọ mi ló dúró lẹ́yìn mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá àga fún un."

Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ èyí, ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń ti géètì mọ́ yín. Wọ́n ní ẹ ò mọ ibi tí ẹ wà, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ wá mọ̀ pé mo dúró, ẹ tún mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́ sí àwọn àlejò, tí ẹ ò fi ẹnu sọ ọ́ fún mi? Ṣé ẹ rò pé mi ò ní gbọ́ ni?

Lánàá, mo gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lọ bá dókítà. Ó kà á tán. Ó ní òun ò mọ máàkì tí òun lè fún un. Mo ní kó máà fún un ní máàkì. Ó wá ń bẹ̀ mí pé Títílayọ̀ ti ń túmọ̀ àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá, pé àwọn ti rí ẹni tí yóò ṣe ti Urhobo àti ti Ìṣẹ̀kírì, ṣé mo lè máa wá jókòó ti àwọn àgbà wa bí wọ́n bá ń dáhùn. Mo ti lanu láti sọ pé rárá. Ìyá àgbà Ìjẹ̀bú kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi Yorùbá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun, ọmọ náà sì ń fi Pijin dá a lóhùn. Wọ́n pe orúkọ ìyá náà. Mo di apá rẹ̀ mú, mo bá a wọlé.

Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa dárí ji ara mi. Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín láàmú, ẹ sinmi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ayé yín lọ.